Odeon: gbọ̀ngàn ńlá ló gbé wọn dókè, òun náà ló wọ̀ wọ́n lọ́rùn

Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń lọ New Wine Church ní Woolwich, London, wọ́n á ti gbọ́ pé ilé sinimá ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀. Odeon ni, ọ̀kan lára ilé sinimá tí kọ́ńpìnnì Odeon ní káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1937 ni wọ́n ṣí i, Granada tó wà lódìkejì títì, sinimá ọdún kan náà, òun náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé tí wọ́n bá kọ́ kí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún jókòó pọ̀, tí ilẹ̀ ẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ látẹ̀yìn wá síwájú kí orí ẹnì kan má baà dí ẹlòmíì lójú, kí lèèyàn tún fẹ́ fi ṣe tó ju ìwàásù lọ? Gbọ̀ngàn ńlá yẹn gan-an lọ̀rọ̀ Odeon.

Oscar Deutsch ló dá a sílẹ̀, ọmọ oníṣòwò irin àlòkù ní Birmingham. Ó ṣí Odeon àkọ́kọ́ ní Perry Barr ní 1930, kó tó kú ní 1941 wọ́n ti lé ní igba káàkiri. Kì í ṣe àpò ara ẹ̀ nìkan ló ń ná o. Ìlú tó bá fẹ́ kọ́ ọ sí, á dá kọ́ńpìnnì kékeré sílẹ̀ fún ilé yẹn, àwọn olówó àdúgbò á kó owó sí i. Ó sì ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé tuntun lẹ́yìn ìlú, níbi tí ìdílé ti ń kó lọ àmọ́ tí sinimá ò tíì débẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jọra: táìsì aláwọ̀ mílíìkì lára ògiri, ilé ìṣọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ga sókè, orúkọ Odeon tí wọ́n fi iná kọ, tẹ́ ẹ bá sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́ ẹ ò lè ṣì í mọ̀.

Fíìmù lagbára ẹ̀ wà. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ń gba fíìmù fún gbogbo Odeon, torí náà ẹni tó ni fíìmù ò lè fojú di wọ́n, tí wọ́n bá ti gbà á, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ló máa kọjá. Ẹni tó ní sinimá kan ṣoṣo ládùúgbò á dúró dìgbà tí wọ́n bá lò ó tán, nígbà yẹn gbogbo èèyàn ti wò ó. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pín in pẹ̀lú onífíìmù, ìjọba náà á yọ tiẹ̀, àmọ́ owó áísìkiriímù tí ọmọbìnrin tó gbé àwo kọ́rùn ń tà kí fíìmù tó tún bẹ̀rẹ̀, onífíìmù ò ní ìpín nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn Deutsch, J. Arthur Rank tó jẹ́ ọlọ́lọ̀ ìyẹ̀fun ló gba Odeon, ó sì ní Gaumont, kọ́ńpìnnì sinimá mìíràn, pẹ̀lú. Ní 1946 wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì sinimá mílíọ̀nù 1,635 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́ ẹ bá pín in fún gbogbo olùgbé, tọmọ ọwọ́ tàgbà, ó lé ní ìgbà 30 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́dún kan.

Tẹlifíṣọ̀n ló dé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ra tiwọn torí àtiwo bí wọ́n ṣe dé ọbabìnrin ládé ní 1953, nígbà tó di 1955 ìkànnì onípolówó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rò ó wò, gbọ̀ngàn tó gba 2,000 èèyàn, iná ń jó, hítà ń ṣiṣẹ́ nígbà òtútù, ẹni tó ń yí fíìmù wà lókè, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu ọ̀nà, bóyá èèyàn 60 ló wá lọ́jọ́ Tuesday, owó tí wọ́n ń ná sórí ilé yẹn ò dín kọ́bọ̀. Rank bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé pa, ó pa Odeon àti Gaumont pọ̀, nígbà tí òfin 1960 sì fàyè gba bíńgò, wọ́n sọ púpọ̀ di ilé bíńgò.

Èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n fi ògiri pín in sí méjì, sí mẹ́ta. Ìyẹn ló dunni jù ṣá, ilé tó rẹwà bẹ́ẹ̀, tí ìbọn bá ń dún lápá ọ̀tún, àwọn tó ń wo fíìmù ìfẹ́ lápá òsì á máa gbọ́ ọ. Nígbà tó di 1984, tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo orílẹ̀-èdè náà ò ju mílíọ̀nù 54 lọ.

Ọdún kejì ẹ̀, AMC, kọ́ńpìnnì sinimá láti Amẹ́ríkà, ṣí sinimá oníyàrá mẹ́wàá sí Milton Keynes, ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Tí fíìmù kan ò bá tà níbẹ̀, yàrá kékeré ni wọ́n á gbé e lọ, èyí tó ń tà á gba yàrá ńlá, Odeon náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú ẹ̀. Ní 2000 Rank ta Odeon, ó gba ọwọ́ bíi mélòó kan kọjá, ní 2016 AMC yẹn náà ló wá rà á.