Ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì ò fi dá sí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà

Wọ́n sábà máa ń bi àwa lọ́yà pé: bí ogun abẹ́lé bá bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, kí ni ìjọba òkèèrè ń wò kó tó dá sí i? Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé.

Ní April 1861, Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní kí ọkọ̀ ogun dí èbúté àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó yapa. Ọlọ̀tẹ̀ ló ń pè wọ́n, àmọ́ lójú òfin, ẹni tí a jọ ń jagun là ń dí èbúté mọ́. Ní 13 May, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ò ṣe tọ̀tún, àwọn ò ṣe tòsì, wọ́n sì ka Gúúsù sí ajagun. Ẹ má ṣì í gbọ́ o: ajagun kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ó lè yáwó lókè òkun, àmọ́ aṣojú rẹ̀ ò lè jókòó láàfin bí aṣojú ìjọba.

Òwú ni Gúúsù gbójú lé pé yóò fa Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun, torí ọ̀dọ̀ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú òwú Lancashire, agbègbè ilé iṣẹ́ aṣọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń wá. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ tì, ebi pa òṣìṣẹ́, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò dá sí i. (Àwọn ará Manchester tó ti ń ra òwú l'Abẹ́òkúta ṣáájú ogun tún tẹjú mọ́ òwú Ẹ̀gbá, nígbà tí ogun Ìjàyè ń jà lọ́wọ́.)

Ní September 1862, ó kù díẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì dá sí i. Ọmọ ogun Gúúsù ti wọ Maryland, ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Washington. Palmerston, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí Russell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè: bí Washington tàbí Baltimore bá bọ́ sọ́wọ́ Gúúsù ńkọ́? Ní 17 September, Russell fèsì láti Gotha, nílẹ̀ Jámánì, pé àkókò ti tó láti là wọ́n níjà. Bí Àríwá, ìyẹn ìhà ti Lincoln, bá kọ̀, kí àwọn gba Gúúsù ní orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń para wọn ní Antietam, ní Maryland, Gúúsù sì padà sẹ́yìn. Bí ìròyìn ṣe dé, Palmerston ní ká ṣì máa wò ó. Ní November, Faransé dábàá ìdáwọ́dúró oṣù mẹ́fà. Àwọn mínísítà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ìkéde Lincoln lórí òmìnira ẹrú ló dá wọn dúró. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, ó kéré tán lọ́dún yẹn: Russell fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ìgbẹ̀san ló máa bí. Ẹni tí yóò borí ni wọ́n ń wò.

Àìdásí náà sì ní òfin tirẹ̀. Ọkọ̀ ogun Alabama, tí wọ́n kàn ní Birkenhead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún Gúúsù, yọ́ jáde ní July 1862, ó sì mú ọkọ̀ oníṣòwò Àríwá tó lé ní 60. Ní 1872, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Geneva ní kí Gẹ̀ẹ́sì san mílíọ̀nù 15.5 dọ́là fún Amẹ́ríkà, torí pé ó jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde.