Owó ìrànwọ́ ọdún 1940 kì í ṣe owó ìmoore ogun Hitler

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sú àwọn èèyàn í sọ: pé lẹ́yìn ogun Hitler ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún Nàìjíríà lówó ìdàgbàsókè, láti fi dúpẹ́ pé àwọn ọmọ wa jà ní Burma. Ọdún tí òfin tó dá owó náà sílẹ̀, Colonial Development and Welfare Act, jáde ti já irọ́ yẹn. Oṣù Keje 1940 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Japan kò tíì wọ ogun, kò sì tíì sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó ń jà ní Burma.

Àwọn erékùṣù Caribbean ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1937, àwọn òṣìṣẹ́ dìde ní Trinidad àti Barbados. Ní 1938, ó kan Jàmáíkà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan sábẹ́ Lord Moyne, olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì kan, láti wádìí ọ̀ràn náà. Ohun tí wọ́n rí burú débi pé àwọn ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ nìkan ni wọ́n gbé jáde ní 1940. Ìròyìn fúnra rẹ̀ wà nípamọ́ títí di 1945, kí Jámánì má baà rí i lò. Ọ̀ràn yìí ló mú kí wọ́n ṣe òfin 1940.

Lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà dá sí i. Ní August 1941, Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Attlee, mínísítà kan nínú ìjọba Churchill, sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Ládìípọ̀ Ṣólańkẹ́ ń darí ní Lọ́ńdọ̀nù, pé gbogbo ẹ̀yà ló kàn. Ní September, Churchill sọ nílé aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ Hitler ni òun ní lọ́kàn. Láti ìgbà yẹn ni òfin ìrànwọ́ ti wúlò fún Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí wọ́n lè fi han Washington pé wọ́n ń tọ́jú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso.

Ibi tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni bí owó náà ṣe ń rìn. Mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ́dún ni òfin 1940 yọ̀ǹda, pẹ̀lú ìdajì mílíọ̀nù fún ìwádìí. Gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ló wà fún, àwọn tó tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù èèyàn. Tí a bá pín mílíọ̀nù 5 náà, ó jẹ́ ṣílè kan àti kọ́bọ̀ (pẹ́nì) mẹ́jọ fún ẹnì kan lọ́dún. Iye tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá sì nìyẹn. Kì í ṣe iye tí wọ́n ná. Ìjọba ní Èkó gbọ́dọ̀ kọ ètò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìbáà ṣe kànga tàbí ilé ìwòsàn, kó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ilé ìṣúra wọn sì gbà á. Ẹ̀ka òfin kan tún béèrè pé kí ilẹ̀ tó fẹ́ gba owó ní òfin tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè ṣiṣẹ́. Ogun kò jẹ́ kí sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ òkun àti ẹnjiníà wà. Owó tí wọn kò bá ná títí ọdún fi parí, ilé ìṣúra á gbà á padà. Ìdí nìyẹn tí òfin 1945 fi sọ ọ́ di mílíọ̀nù 120 fún ọdún mẹ́wàá, tí èyí tó bá ṣẹ́ kù lè kọjá sí ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ètò ọdún mẹ́wàá Nàìjíríà, ti 1946, tó nǹkan bí mílíọ̀nù 55. Mílíọ̀nù 23 nínú rẹ̀ ló wá láti inú òfin yìí. Owó orí, owó bodè àti owó tí Nàìjíríà yá, tó sì máa san, ló kó ìyókù.

Nígbà kan náà, láti 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ra gbogbo kòkó wa ní iye tí wọ́n fúnra wọn dá. Ní 1942, wọ́n fi ekùrọ́, epo pupa àti ẹ̀pà kún un. Èrè orí kòkó ń ṣẹ́ jọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àgbẹ̀ kò sì rí i.

Bóyá owó kòkó ju ìrànwọ́ lọ tàbí kò jù ú lọ, kò rọrùn láti fi gbólóhùn kan dáhùn, torí apá kan èrè náà padà sọ́wọ́ àjọ tó ń ta kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Ìrànwọ́ náà kò sì jẹ́ asán: ó wà lára owó tí wọ́n fi kọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nóòtì ìtàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí ẹ bá rí mílíọ̀nù 5 tàbí 120, ẹ wádìí èló ni wọ́n ná, ilẹ̀ mélòó ni wọ́n pín in fún, àti èló ni Nàìjíríà fúnra rẹ̀ san, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bùn ni.