Ẹni tí kò padà wá fún àyẹ̀wò, ṣé ara rẹ̀ ti yá ni?

"A ò gbúròó wọn mọ́, ara wọn ti yá nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá jẹ́ ti ibà lásán, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kékeré tí wọ́n fi ń dán ìtọ́jú wò, tí wọ́n sì ń tọpa àwọn aláìsàn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbàgbọ́ yìí lè sọ ìtọ́jú tí kò dára di èyí tó dára, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní ènìyàn 40 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé oṣù 12, àwọn 26 ló wá, ẹ̀jẹ̀ àwọn 18 nínú wọn sì ti wálẹ̀ dé ibi tó yẹ. Ẹni tó bá wo 18 nínú 26 yóò ní ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ fún 69 nínú 100. Àwọn 14 yòókù wá ńkọ́? Bí kò bá ṣiṣẹ́ fún ìkankan nínú wọn, 18 nínú 40 ni, ìyẹn 45 nínú 100. Bó bá ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn, ó di 80. Láàárín 45 àti 80, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí òótọ́ wà. Níbi tí èrò bá ti pọ̀, ẹnì kan tó sọnù kò hàn. Níbi ènìyàn 40, ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ 2.5 nínú 100.

Wọ́n sì ti wá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní ọdún 2009, àkójọ ìwádìí 17 jáde lórí àwọn tó ń gba oògùn HIV ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí kò wá sí kílíníìkì mọ́ ni wọ́n tọpa. Nínú àwọn tí wọ́n rí ìdí ọ̀rọ̀ wọn, nǹkan bíi 40 nínú 100 ló ti kú. Ọ̀rọ̀ HIV yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, iye náà ò sì ní jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ó tó láti jẹ́ kéèyàn ṣọ́ra kó tó sọ pé ara ẹnì kan ti yá.

Ohun tó tún burú ni pé oògùn fúnra rẹ̀ lè lé èèyàn lọ. Amlodipine, tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń mú kí ẹsẹ̀ ẹlòmíì wú. Lisinopril, tí òun náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún ẹlòmíì. Àwọn oògùn tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́ sì ń ni ìyá tó ń jókòó ti ọjà ní Tákíè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lára, torí ibo ni yóò máa sáré lọ? Bí irú wọn bá dákẹ́ tí wọn ò padà wá, àwọn tí oògùn náà bá lára mu nìkan ló kù láti dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irú ìwádìí yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wíwá wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí káàdì lè jẹ́ Ruth, kó sì jẹ́ pé Ìyá Aláta ni gbogbo agboolé mọ̀. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ béèrè Ruth, wọ́n á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ méjèèjì ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú orúkọ agboolé àti ohun tó wà nítòsí rẹ̀, mọ́ṣáláṣí ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta ló dára: tirẹ̀, ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, àti ti ẹnì kan tí kò gbé ilé kan náà. Ẹ pe nọ́ńbà tirẹ̀ lójú rẹ̀ kó tó dìde, torí àṣìkọ nọ́ńbà kan péré ti tó. Ẹ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ nọ́ńbà ẹlòmíì, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ sọ bí ẹlòmíì bá gbé fóònù. Orúkọ àìsàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rin ìrìn àjò òwò. Ẹni tẹ́ ẹ rí lónìí lè wà ní Jos lóṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ dá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ọdún kan bọ́ sí ìparí December tí àwọn ará ìdálẹ̀ ń wálé. Ẹ pè é ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ tún pè é lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Bí kò bá wá, ẹ pè é kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Bí fóònù ò bá lọ, kí ẹnì kan lọ sílé kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé. Owó ọkọ̀ ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìṣirò owó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń kọsẹ̀. Irú ẹ̀rọ kan náà ni kó gbé dání láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kó tó wọ̀n ọ́n. Bí aṣọ ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń wé mọ́ apá bá kéré ju apá ẹni náà lọ, iye tí yóò gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú ìwé, "kò wá" nìkan kò tó. Ṣé ó kú ni, ṣé ó kó lọ ni, ṣé ó ní òun ò ṣe mọ́ ni, àbí a ò rí i ni? Iye ẹni tó gbọ́dọ̀ padà wá kí wọ́n tó gbà pé ìwádìí ńlá ṣeé ṣe, bíi 80 nínú 100, gbọ́dọ̀ ti wà lákọsílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Lẹ́yìn tí èsì bá jáde, kò sí iye tí kì í dára lójú ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí kékeré: láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Kì í ṣe láti fi han ayé pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Aláìsàn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti jáwọ́ nígbàkigbà, ìtọ́jú tó tọ́ sí i kò sì ní dín kù nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fipá mú un, ẹ má sì máa pè é lójoojúmọ́. Ẹ kàn bi í bóyá ẹ ṣì lè máa wo fáìlì rẹ̀ nílé ìwòsàn. Bó bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Bí kò bá gbà, ọjọ́ tó wá kẹ́yìn ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ parí sí, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ ṣì máa ka òun náà mọ́ àwọn 40.