Bí Àpótí Oyin Gbọọrọ Ṣe Ń Jẹ́ Kí Agbo Oyin Ṣeé Pín sí Méjì

Ọ̀pá tí oyin ń mọ afárá sí lábẹ́, tó fẹ̀ ní mìlímítà 32, ni gbogbo iṣẹ́ àpótí oyin gbọọrọ dá lé lórí. Ẹni tó bá fojú kéré ìwọ̀n yìí, tó gé ọ̀pá bó ṣe wù ú, lè rí oyin púpọ̀ nínú àpótí rẹ̀, àmọ́ oyin á ti mọ afárá dábùú ọ̀pá méjì mẹ́ta, kò sì ní sí èyí tó máa ṣeé gbé láìfà á ya. Agbo tí afárá rẹ̀ kò ṣeé gbé kò ṣeé pín.

Ẹ̀yà àpótí yìí tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní Kẹ́ńyà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. A kì í to àpótí mìíràn lé e lórí. Ńṣe ló nà gbọọrọ, ó ń lọ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90. Ọ̀pá bíi 26 tàbí 27 ló máa ń wà lórí rẹ̀, wọ́n fara kan ara wọn láì sí àlàfo kankan. Abẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni oyin ń mọ afárá kan sí. Mìlímítà 32 bá bí oyin ilẹ̀ wa, Apis mellifera adansonii, ṣe ń fi àyè sáàárín afárá rẹ̀ fúnra rẹ̀ mu. Oyin Yúróòpù tóbi ju tiwa lọ, mìlímítà 35 ni tirẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá ń wo àwòrán àpótí láti ilẹ̀ òyìnbó ṣọ́ra gidigidi. Ká lè darí oyin sójú ibi tó yẹ, wọ́n máa ń fá abẹ́ ọ̀pá kó ní etí ṣóńṣó láàárín gbùngbùn, tàbí kí wọ́n da ìda yíyọ́ sójú ilà kan níbẹ̀.

Ògiri méjèèjì kì í dúró ṣánṣán. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti dà síta, igun tó wà láàárín ilẹ̀ àpótí àti ògiri sì ń tó nǹkan bíi dígíríì 120. Oyin kì í sábà lẹ afárá mọ́ ògiri tó bá dà bẹ́ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọ̀bẹ gígùn la fi ń gé e, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí afárá má baà já kúrò lára ọ̀pá.

Ohun tó dára jù nínú ètò yìí, lójú tèmi, ni pé àwọn ọ̀pá fúnra wọn ni àjà àpótí. Oyin ilẹ̀ wa yára bínú. Bí a bá yọ ọ̀pá kan tó ṣófo lẹ́yìn, àlàfo kékeré yẹn nìkan ni wọ́n lè gbà jáde, ìyókù agbo ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ti dé. Àlàfo yẹn la ó máa sún síwájú bí a ṣe ń yẹ afárá wò níkọ̀ọ̀kan. Afárá tuntun rọ̀, kò sí wáyà tó dì í mú, nítorí náà a kì í dà á dùbúlẹ̀. Bí a bá fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, a ó gbé orí ọ̀pá kan sókè títí ọ̀pá á fi dúró lóòró, a ó yí i po, a ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Etí afárá ló gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀ nígbà gbogbo.

Àkókò tí òdòdó pọ̀, tí oyin kún àpótí, tí akọ oyin sì ti yọ, la máa ń pín agbo. Bí ihò tó rí bí èpo ẹ̀pà bá ti ń rọ̀ létí afárá, agbo ti ń múra láti tọ́ ayaba tuntun, àwọn kan á ṣí lọ láìpẹ́. Nínú àpótí kejì, tí ọ̀pá rẹ̀ bá ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ mu, la ó gbé afárá bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà sí, pẹ̀lú oyin tó wà lára wọn. Ẹyin gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni kó lè ràn sínú ihò. Ẹyin á hàn ní ìsàlẹ̀ pátápátá, funfun, tín-ín-rín. Kí ìdin tí wọ́n ti bo ihò rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti afárá tí oyin àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó gbọn oyin afárá kan tàbí méjì sí i, nítorí àwọn tó ti ń jáde lọ wá oúnjẹ á padà sí ibùdó tí wọ́n mọ̀. A ó fi pákó ìpààlà há wọn sí àyè kékeré, a ó sì dín ẹnu ọ̀nà kù.

Kò pọn dandan ká rí ayaba, bí ẹyin bá ṣáà ti wà níhà méjèèjì. Ẹyin ń pa lọ́jọ́ kẹta, nítorí náà ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ìhà tí kò bá sí ẹyin ni ayaba ò sí. Níbẹ̀, àwọn oyin òṣìṣẹ́ á mú nínú àwọn ìdin tí ọjọ́ orí wọn kò tíì kọjá mẹ́ta, wọ́n á sì fi oúnjẹ ayaba tọ́ wọn. Ọjọ́ 16 ni ayaba ń lò láti ẹyin dé ìgbà tó máa jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á fò jáde lọ bá àwọn akọ oyin, á padà wálé, á bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí àpótí náà láàárín ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ó wò ó. Bí ẹyin bá wà, ó parí. Bí kò bá sí, a ó gbé afárá kan tó ní ẹyin wá láti inú àpótí àkọ́kọ́. Bí agbo náà bá ti kéré jù, ká dà á pọ̀ mọ́ ti ìṣáájú: ìwé ìròyìn kan ṣoṣo la ó fi ya wọ́n sọ́tọ̀ nínú àpótí kan náà, wọ́n á sì máa jẹ ìwé náà ya díẹ̀díẹ̀ títí òórùn wọn á fi di ọ̀kan.