Ẹ Yan Fíìmù Kí Ẹ Tó Yan Kámẹ́rà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbé wá bá mi ní Làgéré, n'Ífẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ rìnrìn àjò, kámẹ́rà onífíìmù wo ni kí n gbé dání?" Èmi náà á bi wọ́n padà pé: ibo lò ń lọ, ìgbà wo lo sì máa débẹ̀, ṣé ọ̀sán ni àbí ìrọ̀lẹ́? Kámẹ́rà ò tíì kàn nígbà yẹn. Fíìmù ló ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, bí ẹ bá sì ti ki ọ̀kan bọ inú kámẹ́rà, ẹ̀yin pẹ̀lú ẹ̀ ni títí fọ́tò 36 á fi pé. Fóònù máa ń tún ara rẹ̀ ṣe tí ẹ bá ti inú oòrùn wọ iyàrá. Fíìmù ò mọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi agbègbè wa níbí ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́sàn-án gangan níwájú Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, oòrùn tó ń ràn lára òkúta yẹn pọ̀ débi pé fíìmù 200, irú Kodak Gold, ti tó. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀: bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó nílò á ṣe kéré tó. Ẹ ò tiẹ̀ nílò míta tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé ojú lẹ́ǹsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí 16 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń tóbi tó), kí ẹ wá mú ìyára ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń padé fún ìmọ́lẹ̀, tó bá súnmọ́ nọ́ńbà fíìmù yín jù. Fún 200, 1/250 ìṣẹ́jú àáyá ni. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí eruku ti bo oòrùn lójú, ẹ ṣí i sí 11 tàbí 8.

Ẹ wá gbé fíìmù kan náà lọ sí Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Igi ti bo ọ̀nà, ẹ̀ ń gun òkè láti ìpele kan dé èkejì nínú ìpele méje tí omi yẹn ń gbà wálẹ̀, òjìji ló sì pọ̀ jù. Fíìmù 200 máa fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò tó ṣókùnkùn, tàbí èyí tó rí wúruwùru torí pé ọwọ́ yín mì. 400 ni mo máa ń sọ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúdú àti funfun, Ilford HP5 Plus dára, Kodak Tri-X náà dára. HP5 tún ní àǹfààní kan: ẹ lè yà á bíi pé 800 ni, kódà bíi 1600, bí ẹ bá ti sọ fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n odindi róòlù náà ni o. Ẹ ò lè ya ìdajì báyìí, ìdajì lọ́hùn-ún.

Nísinsìnyí, kámẹ́rà. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1997, àti Nikon FM2 tó jáde ní 1982, míta wọn nìkan ni bátìrì wà fún. Bó bá kú, ṣọ́tà ṣì ń ṣiṣẹ́ geerege. Bátìrì kékeré LR44 ni àwọn méjèèjì ń lò, ẹ sì lè rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe. Canon AE-1 rẹwà, òun náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ jù, àmọ́ bí bátìrì ẹ̀ bá kú, kámẹ́rà náà kú nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá máa gbé e, ẹ ra bátìrì kejì kí ẹ tó kúrò nílé. K1000 náà ní àléébù tirẹ̀: kò ní ibi tí ẹ ti lè pa míta. Ẹ máa fi ìdérí dé lẹ́ǹsì tí ẹ ò bá lò ó, òkùnkùn yẹn ni kò ní jẹ́ kó fa bátìrì gbẹ.

Yashica Mat-124G ńkọ́? Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, mi ò sì kí ń gbà á níyànjú fún arìnrìn àjò. Ó wúwo, fọ́tò 12 péré ló wà nínú róòlù kan. Àfi tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ ya àwọn àgbàlagbà nílé wọn. Láti òkè ni wọ́n ti ń wo inú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí ẹ tó lè ya ẹnikẹ́ni. Màmá tó bá rí ọmọ tó tẹrí ba níwájú òun kì í le ojú mọ́ ọn.

Lẹ́ǹsì kan tó. Ti mílímítà 50 dára, 35 tó ń rí ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dára jù láàárín èrò. Lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, nígbà tí gbogbo Ifẹ̀ bá kún bámúbámú, tí a ń retí Ọọ̀ni pẹ̀lú adé Àrè, lẹ́ǹsì gígùn á kàn máa gún àwọn èèyàn lórí ni. Lọ́jọ́ yẹn, bí ẹ bá rí i pé fọ́tò márùn-ún ló kù nínú róòlù, ẹ má ṣahun: ẹ yí i padà sínú agolo ẹ̀, kí ẹ ki tuntun sínú kámẹ́rà kí Ọọ̀ni tó jáde. Tí ẹ bá ki tuntun tán, ẹ rọra wé èyí tó dẹ̀ nínú ẹ̀ títí á fi fà, kí ẹ wá máa wo kọ́ńkọ́ ọwọ́ òsì, èyí tí wọ́n fi ń yí fíìmù padà, bí ẹ ṣe ń ti fíìmù síwájú. Bí kọ́ńkọ́ náà ò bá yí, fíìmù ò rìn.

Ooru máa ń ba fíìmù jẹ́. Ẹ má fi báàgì sí búùtù mọ́tò, ẹ gbé e lé itan. Ní ìgbà òjò, ẹ kó àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà sí i, torí lẹ́ǹsì tó bá wà nínú ọ̀rinrin máa ń bu bíi búrẹ́dì.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ má kó fíìmù sínú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìyẹn wò le púpọ̀. Ẹ gbé e lọ́wọ́, nínú nọ́lọ́nù tó mọ́ gaara. Ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n ti ń kó sí àwọn pápákọ̀ kan fún ẹrù ọwọ́ léwu pẹ̀lú, Kodak àti Ilford sì ti kìlọ̀ pé kí fíìmù má gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹ ti yà tí ẹ ò tíì fọ̀ wà nínú ewu kan náà. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ ni kò ní nǹkan kan. Róòlù tó wà nínú kámẹ́rà gan-an ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ yà á tán kí ẹ tó dé orí ìlà. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ya ẹni tó sìn yín wá.