Onychomadesis: Ìdí Tí Èékánná Ọmọ Fi Ń Bọ́ Lẹ́yìn Ibà

Ìyá ń wẹ ọmọ, ló bá rí i pé èékánná àtàǹpàkò ọmọ ti ń ṣí láti ìdí. Ọmọ kò sunkún, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde. Kó tó di ọjọ́ kejì, òmíràn tún ti gbéra. Ní Ìbàdàn níbí, kẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré gbà lọ láti ra oògùn làpálàpá, ìyá àgbà nílé á sì ti ní kí wọ́n já ewé asùnwọ̀n wá. Kì í ṣe làpálàpá. Onychomadesis ni àwọn dókítà ń pè é.

Ìbéèrè kan ló yẹ ká kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ: ṣé ara ọmọ yìí gbóná ní oṣù kan tàbí méjì sẹ́yìn, tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀, tí iléròrò sì yọ sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu ló kọjá lára ọmọ náà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní coxsackievirus. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló ń mú jù, níbi tí wọ́n ti ń kó nǹkan ìṣeré kan náà sẹ́nu ní jẹ́lé-ó-sinmi. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ara ọmọ a ti yá, ilé a sì ti gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 8 lẹ́yìn ìyẹn ni èékánná tó máa ń bọ́. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi so méjèèjì pọ̀.

Èékánná tí à ń rí kò láàyè mọ́. Ibi tó ti ń hù fara pa mọ́ sábẹ́ awọ ní ìdí rẹ̀. Bí àìsàn bá mú ara gan-an, gbòǹgbò yìí lè dẹwọ́ iṣẹ́, tàbí kó dá a dúró fúngbà díẹ̀. Bó bá dẹwọ́ lásán, ilà kan tó jìn díẹ̀ ló máa dábùú èékánná. Beau, dókítà ará Faransé, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1846, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń pe ilà ọ̀hún títí dòní. Bí iṣẹ́ bá dúró pátápátá, èékánná tuntun tó bá tún bẹ̀rẹ̀ á máa ti ti tẹ́lẹ̀ síwájú títí tó fi máa bọ́. Ilà Beau wúlò gan-an lójú tèmi, torí ó ṣeé fi ṣírò: èékánná ọwọ́ ń hù tó mìlímítà 3 lóṣù, nítorí náà ilà tó ti rìn tó mìlímítà 6 kúrò ní ìdí ń tọ́ka sí àìsàn nǹkan bí oṣù 2 sẹ́yìn. Àrùn Kòrónà náà fi irú rẹ̀ sára èékánná àwọn kan.

Ní 2000, àwọn dókítà ní Chicago kọ̀wé nípa ọmọ 5 tí èékánná wọn ṣe báyìí. Lẹ́yìn àrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu tó jà ní Finland ní 2008, wọ́n rí ẹ̀yà coxsackievirus kan tó ń jẹ́ A6 nínú èékánná tó bọ́. Nítorí náà, ẹ da èyí tó bá bọ́ nù, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Làpálàpá èékánná sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó tàbí ẹ̀gbẹ́. Èékánná á nípọn, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa rún. Ó ṣọ̀wọ́n lára ọmọ kékeré. Èyí tí à ń wí yìí, láti ìdí ló ti ń ṣí, ó sì lè kan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn làpálàpá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, oògùn tí kò nílò.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju sùúrù lọ. Ẹ gé ibi tó bá ń fà mọ́ aṣọ, ẹ má fa ìyókù tu. Ẹ lè fi fasilíìnì pa á, kí ẹ fi plásítà bò ó. Ti ọwọ́ á hù padà ní nǹkan bí oṣù 6. Ti ẹsẹ̀ lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ìka bá wú, tó ń ro ọmọ, tí ọyún ń jáde, tàbí tí èékánná ń bọ́ láìsí àìsàn kankan ṣáájú, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà awọ ara wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn níbí, ẹ sì sọ ti ibà ìjelòó yẹn fún wọn kí wọ́n tó béèrè.