Callous, ruthless, stoic: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń jẹ́

Bí òkú ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Ìsánlú tàbí ní Kàbà, nílẹ̀ àwa Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìyá ọmọ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Bí ẹkún rẹ̀ kò bá tó bí wọ́n ṣe rò, ẹnìkan á ti sọ pé ojú rẹ̀ dá. Tí ọmọ ilé ìwé bá wá fẹ́ kọ ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, callous ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀sùn ńlá sì ni callous. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún ẹni tó jọ pé kò láàánú pọ̀ gan-an, àmọ́ wọn ò wúwo bákan náà, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ìyìn.

Látinú èdè Látìn ni callous ti wá. Callum ni àwọn ará Róòmù ń pe awọ tó ti yi. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ tó ti ń kọ ebè láti kékeré: ibi tí èrúkọ́ ti ń rá a lọ́wọ́ ti le, ẹ̀gún lè gún un níbẹ̀ kó má tètè mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ẹni tó jẹ́ callous. Ó ń rí ìrora ẹlòmíì, kò kàn wọ̀ ọ́ lára ni. Ọ̀dájú ni. Awakọ̀ tó gbá ọlọ́kadà, tó wò ó nínú dígí, tó sì tẹná mọ́tò lọ, ìwà callous ló hù. Ẹ kíyè sí bí a ṣe ń kọ ọ́ o: callus, tí kò ní o, ni awọ líle tí dókítà ń sọ, callous ni ti ìwà.

Ruthless yàtọ̀. Ruth ni àánú nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu àwọn tó ni èdè. Ruthless nìkan ló kù tí wọ́n ń sọ dáadáa. Ẹni tó jẹ́ ruthless ní ohun tó ń lé, kò sì ní wo ojú ẹnikẹ́ni títí yóò fi bà á. Àwọn ajínigbé tí kò jẹ́ ká rìn fọkàn balẹ̀ ní Yàgbà àti Bùnú, owó ni wọ́n ń lé, wọn ò sì mọ àgbà mọ ọmọdé. Ruthless bá wọn mu, callous náà bá wọn mu. Ṣùgbọ́n oníròyìn bọ́ọ̀lù lè pe agbábọ́ọ̀lù iwájú kan ní ruthless kó sì fi yìn ín, pé kì í fi àǹfààní ṣòfò lójú ilé. Kò sẹ́ni tó ń fi callous yin ènìyàn.

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ló bí in cold blood, pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tínú ń bí máa ń gbóná. Ẹni tó pànìyàn in cold blood, inú ò bí i: ó rò ó, ó fara balẹ̀, ó ṣe é. Òfin náà mọ irú ìyàtọ̀ yìí. Nínú Penal Code ti 1960, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tó kàn wá nítorí pé abẹ́ ìjọba Àríwá la wà nígbà náà, ẹni tí wọ́n ṣàdédé mú bínú gidigidi tó sì pànìyàn kí ara rẹ̀ tó rọ̀, ìdájọ́ ikú kò sí fún un.

Indifferent ni adágunlá. Aloof ni ẹni tó ta kété. Ẹnu àwọn atukọ̀ ló ti wá, wọ́n ń sọ ọ́ bí wọ́n bá ń darí ọkọ̀ kó jìnnà sí èbúté. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Láàárín àwa tí ìkíni wa, Òkun, ti di orúkọ wa, ìyàwó tuntun tí kì í dúró kí ènìyàn lè dà bí ọlọ́kàn líle. Ó lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í.

Stoic ni ìyìn tí mo ń sọ. Ní nǹkan bí 300 ọdún kí a tó bí Jésù, Zeno, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, ń kọ́ni ní Athens nílẹ̀ Gíríìsì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stoa, pé kí ènìyàn má jẹ́ kí ìbànújẹ́ tàbí ìbínú di ọ̀gá òun. Ẹni tó ń jẹ̀rora tí kò jẹ́ kó hàn lójú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìyá ọmọ yẹn, tó tún gèlè rẹ̀ wé, tó ń béèrè bóyá àwọn tó ti Lọ́kọ́jà wá ti jẹun, stoic ni. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ ò kéré sí ti ẹni tó ń yí nílẹ̀.

Àárẹ̀ náà máa ń jọ ìkà. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ burnout sínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àrùn àti ọ̀ràn ìlera lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wàhálà iṣẹ́ tí kò rójútùú ń fà: okun ara á tán, iṣẹ́ á sú ni, ọkàn á jìnnà sí i. Nọ́ọ̀sì tó dá wọ́ọ̀dù kan mú mọ́jú lè máa fèsì bí ẹni tí kò mọ ìrora. Detached, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti jìnnà, ni màá kọ nípa rẹ̀. Kí n tó kọ callous, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé agbára àtiṣe òmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì kọ̀ láti lò ó.